Àlejò Tí Ara Fúnra Rẹ̀ Pè

Ẹni tó bá ti fọ́ òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì rí ti fọwọ́ kan máńgáníìsì, ì báà má mọ orúkọ rẹ̀. Láyé ìgbà tí pátákó ìkọ̀wé jẹ́ pákó lásán, àwọn ọmọ iléèwé ni olùkọ́ máa ń ní kí wọ́n lọ ṣa òkú bátìrì wá. Wọn á fi òkúta fọ́ ọ, wọn á yọ igi dúdú tó wà láàárín rẹ̀, wọn á kó lẹ́búlẹ́bú dúdú tó yí igi náà ká, wọn á gún un pọ̀ mọ́ èédú àti ewé, wọn á sì fi kun pátákó kí ṣọ́ọ̀kì olùkọ́ lè hàn lójú rẹ̀. Bí agogo oúnjẹ bá lù, ọwọ́ dúdú yẹn kan náà ni wọ́n á fi jẹ àkàrà. Máńgáníìsì ló pọ̀ jù nínú lẹ́búlẹ́bú náà. Láti 1866 tí Georges Leclanché, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti gbé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń fi máńgáníìsì ṣe é, ibi tí wọ́n sì ti ń wà á kò jìnnà sí wa rárá. Wọ́n ti ń wà á ní Nsuta, lẹ́bàá Tarkwa ní Gánà, láti 1916. Wọ́n ń wà á ní Moanda ní Gàbọ́ọ̀nù náà láti 1962.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun yìí lè ba ọpọlọ jẹ́ ni James Couper, dókítà kan ní Glasgow, lọ́dún 1837. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ òkúta máńgáníìsì ló rí. Ẹsẹ̀ wọn ti di aláìlágbára, wọ́n ń dà sí iwájú bí wọ́n bá ń rìn, ohùn wọn ti wálẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn, iṣẹ́ ló kó bá wọn, eruku ni wọ́n sì ń fà símú lójoojúmọ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà tó ṣì jẹ́ pé àrùn àwọn awakùsà àti òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni gbogbo ayé ka máńgáníìsì sí. Pé ọmọ tí kò dé ìtòsí kùsà rí, ọmọ tó wà nínú ìyá rẹ̀ tàbí lórí ọmú, lè ní in lọ́pọlọ ju bó ti yẹ lọ, ọ̀rọ̀ àìpẹ́ yìí ni.

A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya máńgáníìsì sọ́tọ̀ kúrò lára òjé, nítorí pé púpọ̀ nínú wa tó bá ti gbọ́ pé irin kan ń pa ọpọlọ lára, òjé ló máa ń wá sọ́kàn. Òjé kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe lára èèyàn, kódà bínńtín. Ti máńgáníìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wà láàyè láìsí i. Òun ló ń mú kí ara lè sé oró tí ìmí wa fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, òun ló ń bá ara palẹ̀ oró amóníà mọ́, egungun náà nílò rẹ̀ kó lè dàgbà. Inú oúnjẹ la ti ń rí i: ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́, ọ̀pẹ̀yìnbó, àtalẹ̀, tíì. Kí ẹnikẹ́ni má torí àpilẹ̀kọ yìí sá fún àwo ẹ̀wà. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kì í gbà ju nǹkan bíi 5 nínú 100 lọ nínú èyí tó bá jẹ, èyí tó bá sì ṣẹ́kù sí i lára, ẹ̀dọ̀ á fi òróòro fọ̀ ọ́ jáde sínú ìfun, á bá ìgbẹ́ lọ. Ètò yìí dára púpọ̀. Ọmọ ọwọ́ ni kò tíì ní i pé.

Bí ọpọlọ ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀ kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Ìbàdàn láti lóye. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí ìlú ká, odi tí àwọn àdúgbò bíi Bẹẹrẹ, Mápó àti Ọjà'ba wà láàárín rẹ̀. Odi náà kò dí ìlú pa. Ó ní ibodè, oníbodè sì wà níbẹ̀ tó ń yẹ ẹni tó ń bọ̀ àti ẹrù tó gbé wò. Ọpọlọ náà ní odi tirẹ̀. Ara àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá lẹ̀ mọ́ra pinpin, débi pé ohun tó pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ kò ríbi yọ́ wọlé. Èyí tí ọpọlọ bá nílò ní láti gba ibodè, àwọn purotéènì kan ló sì ń ṣe oníbodè níbẹ̀.

Máńgáníìsì kì í fo odi, kì í dá odi lu. Ibodè ló ń gbà, wọ́n sì ń ṣí i fún un, nítorí pé ará ilé ni. Àwọn onímọ̀ ti mọ díẹ̀ nínú àwọn oníbodè náà. Ọ̀kan ń jẹ́ DMT1, irin ló sì wà fún ní pàtàkì, irin tó ń pọ́n ẹ̀jẹ̀ wa. Transferrin, tó ń gbé irin kiri nínú ẹ̀jẹ̀, máa ń gbé máńgáníìsì náà. ZIP8 àti ZIP14 wà pẹ̀lú, ẹnu iṣẹ́ síǹkì àti irin la sì ti máa ń bá àwọn méjèèjì. Bí irin àti máńgáníìsì ṣe ń bá ara wọn dupò lẹ́nu ibodè kan náà nìyẹn. Bí irin bá tó lára, ó ti gba púpọ̀ nínú ipò náà. Ṣùgbọ́n bí irin bá wọ́n, ara á ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu: á sọ ibodè di púpọ̀ nínú ìfun àti lẹ́nu odi ọpọlọ kí irin kékeré tó wà má baà bọ́ lọ. Máńgáníìsì tó bá wà nítòsí á gba ibodè tí wọ́n ṣí fún irin wọlé.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi, torí pé òun gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ Bẹẹrẹ, tí kì í fi í ṣe ti Glasgow mọ́. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera àti iye ènìyàn, ti ọdún 2018, fi hàn pé 68 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn. Láàárín àwọn obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, 58 nínú 100 ni. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àìtó irin fà. Ibà ń jẹ ẹ̀jẹ̀, aràn ń jẹ ẹ̀jẹ̀, fòníkú-fọ̀ládìde náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, irin tí kò tó kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Kí dókítà tó sọ̀rọ̀ máńgáníìsì rárá, ibodè ti ṣí sílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa, ó sì ti ṣí lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn.

Inú oyún ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ibi ọmọ kì í fi ojú burúkú wo máńgáníìsì. Ńṣe ló ń fà á láti ara ìyá sínú ọmọ, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ lọ́jọ́ ìbí, iye tó wà níbẹ̀ máa ń ju ti ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ. Ọmọ ń kọ́ egungun, ó ń kọ́ ọpọlọ, ó sì nílò rẹ̀. Bó bá wá dé ilé ayé, ìfun rẹ̀ ń gba máńgáníìsì lọ́pọ̀ ìlọ́po ju ti àgbàlagbà lọ, nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì mọ bí a ti ń fi òróòro kó o jáde dáadáa. Àwọn kan máa ń sọ pé odi ọpọlọ kò tíì sí lára ọmọ tuntun, pé ìdí nìyẹn tí ohun gbogbo fi ń wọ̀ ọ́ lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odi náà ti wà láti inú oyún. Iṣẹ́ ló pọ̀ lẹ́nu ibodè rẹ̀, torí ọpọlọ tó ń fò sókè bí ẹ̀gẹ́ nínú òjò ń pe ohun èlò wọlé láìsinmi, ọ̀nà àbájáde sì há.

Bí ọ̀nà àbájáde ti ṣe pàtàkì tó, ara àwọn ọmọ kan tí àbùkù wọn ṣọ̀wọ́n gidigidi ló ti hàn. Ní 2012 àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn ọmọ tí purotéènì SLC30A10 wọn kò ṣiṣẹ́ kò lè ti máńgáníìsì jáde kúrò lára. Ní 2016 wọ́n tún rí àwọn tí ZIP14 wọn bàjẹ́, tí ẹ̀dọ̀ wọn kò lè gba máńgáníìsì láti inú ẹ̀jẹ̀ kó tó dà á nù. Àwọn ọmọ yìí kò ṣiṣẹ́ kùsà, oúnjẹ tí gbogbo ọmọ ń jẹ ni wọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n máńgáníìsì gbá jọ sí wọn lórí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń lọ́, ìrìn sì di ogun fún wọn láti kékeré.

Ibi tó fẹ́ràn láti jókòó sí wà nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní globus pallidus àti àwọn tó múlé tì í, níbi tí ìrìn, ìdúró àti bí ọwọ́ ṣe ń mú nǹkan ti ń gba àṣẹ. Nítorí pé máńgáníìsì ń ṣe bíi mágínẹ́ẹ̀tì díẹ̀, ibẹ̀ á tàn funfun nínú àwòrán MRI. Bó bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára ló máa ń forí lé. Ó lè ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ nínú ọpọlọ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í fi í sọ gbogbo òótọ́. Eyín wàrà ló mọ ìtàn jù. Bí eyín ti ń dàgbà ní ìpele-ìpele láti inú oyún ló ń fi máńgáníìsì ìgbà kọ̀ọ̀kan pamọ́, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà sì ti ń gé e wẹ́wẹ́ láti mọ èyí tó wọlé ṣáájú ìbí àti èyí tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Àwa ń ju tiwa sórí òrùlé. Ẹ wo bí àkọsílẹ̀ tó wà lórí páànù ìpẹtà Ìbàdàn ti pọ̀ tó!

Ọ̀nà kan tún wà tí kò gba ẹ̀jẹ̀ kọjá rárá. Nínú eku tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, máńgáníìsì tó wọ imú ń gba okùn ìgbóòórùn lọ tààrà sínú ọpọlọ. Irin tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀ ní máńgáníìsì nínú, èéfín rẹ̀ sì ń gbé e. Lójú títì, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì pé ogún ọdún ló sábà máa ń tẹrí bọ èéfín yẹn, dígí dúdú lójú, imú lásán. Dígí ń ṣọ́ ojú nìkan.

Ní ti ọ̀pọ̀ ọmọ, omi ni mo rò pé ó yẹ ká kọ́kọ́ bi. Abẹ́ Ìbàdàn jẹ́ àpáta àtayébáyé, ilẹ̀ pupa sì bò ó. Irin àti máńgáníìsì wà nínú àpáta àti nínú ilẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀, omi tí afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ sì máa ń yọ́ wọn. Omi ìjọba ti wà ní Ẹlẹ́yẹlé láti 1942, Àṣèjìrẹ́ sì dé lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ àwọn agboolé tó há mọ́ra láàárín Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba mọ̀ pé kànga ni ọ̀rẹ́ ilé. Omi irú kànga yìí lè mọ́ gaara nígbà tí wọ́n ń fà á, kó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí nǹkan ti sàlẹ̀ sídìí garawa. Bó bá pupa bí ìpẹtà, irin ni. Bó bá dúdú, tí aṣọ funfun ń gba àbàwọ́n dúdú lára rẹ̀, máńgáníìsì ni kí ẹ fura sí. Sísè kò lè yọ ọ́. Bí omi ti ń fẹ́ lọ ni máńgáníìsì inú èyí tó kù ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù náà kò ràn án bó bá ti yọ́ tán, ìdọ̀tí tó léfòó ló ń kó. Kí wọ́n da omi láti òkè sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè lù ú, kí wọ́n sì sẹ́ ẹ nínú yanrìn, á mú irin kúrò kíákíá. Ti máńgáníìsì ń lọ́ra.

Níbi tí wọ́n ti wá inú ọ̀rọ̀ omi wò, ohun tí wọ́n rí kò dùn mọ́ni. Ní Araihazar, ní Bangladesh, ìwádìí kan tó jáde ní 2006 wo ọmọ ọdún mẹ́wàá 142. Àwọn tí máńgáníìsì pọ̀ jù nínú kànga wọn ni máàkì ọgbọ́n wọn kéré jù. Àwọn kan ní ti tálákà ni, ti àìjẹunkánú ni. Ní 2011 ni ti Quebec ní Kánádà jáde, níbi tí ebi kò ti sí nínú ọ̀rọ̀ náà: ọmọ 362, láti ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́tàlá. Nígbà tí wọ́n pín wọn sọ́nà márùn-ún gẹ́gẹ́ bí omi wọn ti rí, IQ àwọn tó wà lókè pátápátá fi nǹkan bíi máàkì mẹ́fà dín sí ti àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní òṣùwọ̀n kan tẹ́lẹ̀, máíkírógíráàmù 400 nínú lítà omi kan. Ní 2011 wọ́n pa á rẹ́, wọ́n ní omi kì í sábà ní i tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2021, wọ́n gbé òmíràn kalẹ̀, 80 péré, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi po wàrà fún ni wọ́n sì fi ṣe ìwọ̀n. Òṣùwọ̀n omi mímu Nàìjíríà ti 2007 fàyè gba 200. Ẹ wá fi èyí wé omi ọmú: nǹkan bíi 3 sí 10 ló wà nínú lítà rẹ̀ kan. Omi kànga tí òfin wa kò rí àléébù lára rẹ̀ lè fi ìlọ́po ogún ju ọmú ìyá lọ.

Ọ̀rọ̀ àgbo wọlé níbí, mo sì mọ̀ pé ojú àwọn ìyá àgbà á le sí mi. Èmi kò bá ewé jà. Ṣùgbọ́n ìwádìí ọdún 2018 tí mo mẹ́nu bà lókè fi hàn pé 29 péré nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan. Àwọn yòókù ń mu omi, wọ́n ń mu àgbo, wọ́n ń mu wàrà alágolo tí wọ́n fi omi pò, àwọn mìíràn sì ń gba ògì àti sóyà láìtọ́jọ́. Sóyà fúnra rẹ̀ ní máńgáníìsì púpọ̀. Wàrà alágolo tí wọ́n fi sóyà ṣe máa ń ní tó 200 sí 300 nínú lítà kan kí wọ́n tó fi omi kànga kankan kún un. Nígbà tí ìyá àgbà bá gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí orí itan tó ń rọ ọ́ ní àgbo, ẹ̀dọ̀ ọmọ náà kò tíì lè da ohun tó ń rọ sí i lọ́nà ọ̀fun nù. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń pariwo ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Ọpọlọ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ tó ń rò níbẹ̀.

Òjé tí mo ní ká yà sọ́tọ̀, ó tún ti padà dé. Tìróò ni wọ́n ń tà lọ́jà wa, òkúta òjé ni tìróò gidi. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé máíkírógíráàmù 13 nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tí wọ́n ń fi lé ọmọ náà lójú ló fà á; nínú 100, 82.6 ló jẹ́ òjé. Kí ló kan máńgáníìsì? Ìwádìí tí Birgit Claus Henn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lára àwọn ọmọ ní Mexico City, tó jáde ní 2012, fi hàn pé ìpalára òjé ń le sí i lára ọmọ tí máńgáníìsì rẹ̀ ga. Ní 2010, àwọn yìí kan náà ti rí i pé ọmọ ọdún kan tí máńgáníìsì rẹ̀ kéré jù àti èyí tí tirẹ̀ pọ̀ jù, àwọn méjèèjì ló rẹ̀yìn. Àwọn tó wà láàárín ló ṣe dáadáa.

Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni wọ́n ti ń wádìí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi àti Isaac Adedara, ní ẹ̀ka bayokẹ́mísírì, fún eku ní máńgáníìsì, wọ́n rí i pé ìrìn wọn lọ́ra, ọpọlọ wọn sì bàjẹ́. Quercetin, tó pọ̀ nínú àlùbọ́sà, dín ìpalára náà kù, wọ́n sì tẹ ìyẹn jáde ní 2017. Eku ni o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ gún àlùbọ́sà fún ọmọ. Nínú yunifásítì yìí kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n James Olopade, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ẹranko, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí vanadium, èròjà mìíràn tó wà nínú epo rọ̀bì àti èéfín rẹ̀. Òkété inú igbó láti agbègbè oríṣiríṣi ní Nàìjíríà ló fi ṣe ẹlẹ́rìí, torí pé òkété ń jẹ, ó ń mu, ó ń mí níbi tí àwa náà ń gbé. Nínú iṣẹ́ kan tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jọ ṣe, tó jáde ní 2011, wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fi ọ̀rá bo okùn ọpọlọ ọmọ ni vanadium ń pa, nítorí bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti ń fa irin tó. Ọ̀rọ̀ irin la tún padà sí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àyẹ̀wò tó wúlò jù fún aboyún ní Bẹẹrẹ lónìí kì í ṣe ti máńgáníìsì, tó wọ́n, tí ilé ìwòsàn kékeré kò sì ní. Àyẹ̀wò PCV ni, ìyẹn àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ti tó lára, èyí tí wọ́n ń ṣe ní gbogbo ibi ìforúkọsílẹ̀ oyún, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún wọn níbẹ̀. Púpọ̀ ló ń gba oògùn náà tí wọn kì í lò ó tán. Wọ́n ní ó ń rìn wọ́n nínú, ó sì ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Irin tí ara kò gbà ló sọ ìgbẹ́ di dúdú, kò léwu. Ti inú rírìn ń dínkù bí wọ́n bá lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, omi tàbí ọsàn sì ni kí wọ́n fi gbé e mì. Tíì ló burú jù láti fi lò ó, nítorí pé ó ń dí irin lọ́nà nínú ìfun, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára ohun mímu tí máńgáníìsì pọ̀ nínú rẹ̀ jù.